Ikọ́ Tó Wà Nínú Àwo

Èmi ni mo gba ohùn náà sílẹ̀
ní gbọ̀ngàn àwọn apẹja ní Caplin Cove,
etíkun Newfoundland, níbi tí kùrukùru ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Makirofóònù méjì ni mo gbé dání,
ọ̀kan fún ẹnu, ọ̀kan fún gìtá,
àti téèpù mẹ́ta tí mi ò tíì san owó rẹ̀ tán.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Mo rò pé etí mi ti gbó.

Leander Pardy jókòó sórí àpótí ẹja,
bàtà òjò lẹ́sẹ̀, ó ní òun ò ráyè pààrọ̀ rẹ̀.
Ẹnì kan ló wọlé; èmi ò mọ iye àwọn tó kọrin.
Ó fi àtàńpàkò lu ikùn gìtá bí ẹni ń kan ọkọ̀ ojú omi,
ó fa okùn rẹ̀ títí ó fi sunkún bí ológbò ẹ̀yìnkùlé.
Ó kọ orin ijó, àwọn arúgbó fẹsẹ̀ kilẹ̀
débi pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi ń fò bí tata.
Ó kọ orin ìsìn tí ìyá rẹ̀ fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì,
ó kọ orin àwọn awakùsà, ohùn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kànga.
Lẹ́yìn náà ló kọ èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ
lọ́dún tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má pa kọ́ọ̀dù mọ́,
orin tí kò ní ègbè,
nítorí àwọn tí ì bá gbè é ti lọ wáṣẹ́ sí Alberta.

Àárín rẹ̀ gan-an ni fèrè kùrukùru ké sí,
húùùù, láti ilé iná etíkun.
Mo dijú. Mo ní ó ti bà jẹ́.
Leander dúró. Ó tẹ́tí. Fèrè tún ké.
Ó yí èèkàn gìtá díẹ̀,
ó tún un yí,
títí okùn tó nípọn jù fi bá fèrè náà dọ́gba.
Ó padà sínú orin, ó ń dúró dè é ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan
bí a ti ń dúró kí àgbà gbé òkèlè mì.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e, kí àtẹ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀,
ẹnì kan wúkọ́.
Ẹ̀ẹ̀mejì. Ikọ́ gbígbẹ, ti ẹni tó ti ń fa sìgá nínú òtútù tipẹ́.

Ní St. John's mo gbé abẹ lé téèpù.
Leander ní kí n má gé nǹkan kan:
"Àbí kí wọ́n rò pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti kọrin?"
Mo gé ikọ́ kan, mo fi ọ̀kan sílẹ̀. Mi ò sọ fún un.

Ọdún mọ́kànlá kọjá. Drusilla Oake wọ bọ́ọ̀sì wákàtí mẹ́fà
wá kan ilẹ̀kùn mi, àwo náà nínú àpò ìrajà rẹ̀.
Kò béèrè orin. Ìṣẹ́jú kẹtàdínlógójì ló béèrè.
Ó gbọ́wọ́ sókè kí n má sọ̀rọ̀.
Fèrè. Okùn. Ìdákẹ́jẹ́.
Ikọ́.
"Hezekiah nìyẹn," ó ní. "Òkun ò dá a padà. A ò rí nǹkan kan sin."
Ó ṣì ń tẹ́tí, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
"Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń wúkọ́. Ogójì ọdún tí mo fi gbé pẹ̀lú rẹ̀,
kò wú ẹyọ kan rí. Èkejì dà?"

Ikọ́ di ìkọ́, ó kọ́ mi lọ́fun.
Mo ní bóyá ẹ̀rọ ò gbọ́ ọ ni.
Ó gbà mí gbọ́. Ó mu tíì. Ó padà sínú bọ́ọ̀sì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tú páálí tí mo da gbogbo ègé téèpù sí,
mò ń wá ègé kan tí kò gùn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mo ti gbọ́.
Èyí jẹ́ àga tó dún.
Èyí jẹ́ èmi, mò ń pòṣé sí fèrè.
Lálẹ́, bí kùrukùru bá bo ìlú,
mo máa ń ti fèrèsé, mo máa mú òmíràn.